Àga Tí Kò Ní Ìjókòó

"Má sín o! Tó o bá sín, ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi á yẹ̀."

Bàbá bàbá mi ló ń bá mi wí. Eruku ìrókò ti kún mi nímú, òórùn gúlúù tó ń hó lórí sítóòfù sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù wọn ní Bàrígà. Ọ̀rẹ́ wọn, Málàmù tó ń ṣiṣẹ́ awọ, lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù àga kan, ó ń lu ihò sí i. Á fi àtàǹpàkò wọn àlàfo, á lu ihò, á tún wọn òmíràn. Inú àwọn ihò yẹn ni yóò fa okùn awọ gbà láti fi hun ìjókòó.

Ọ̀gá kan láti Ọbáníkòró ló ní iṣẹ́. Ó fẹ́ gbé àga lọ síbi àfihàn lókè òkun, kí wọ́n rí i kí wọ́n mọ̀ pé Nàìjíríà nìyí. Bàbá ò kun ún ní àwọ̀ àsíá. Wọ́n kan férémù, wọ́n ní kí ọmọ Íbò agbẹ́gilére kan ní Ṣómólú gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, Málàmù ló ni ìjókòó. Ìgèrè tí àwọn ará Ìlàjẹ fi ń kó ẹja ni wọ́n ki gílóòbù iná bọ̀, wọ́n gbé e kọ́ sókè àga. Òfin wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ parí iṣẹ́ tọ́wọ́ ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí Bàbá! Wọ́n á dìde nídìí ẹ̀bà, wọ́n á lọ fọwọ́ pa àga lára.

Ihò pé tán, awọ ló kù, ni ìjà Yorùbá àti Haúsá bẹ́ sílẹ̀ ládùúgbò. Wọ́n dáná sun àtíbàbà Málàmù. Òórùn awọ tó ń jó dé ilé wa. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó wá dágbére.

"Dúró sọ́dọ̀ mi," Bàbá bẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, ẹ̀rù ń ba àwọn ọmọ mi."

A ò gbúròó ẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá wá gbé àga. "Bàbá, ẹ fi fóòmù dí i jàre. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Bàbá fọwọ́ tọ́ àwọn ihò yẹn. "Nàìjíríà lẹ ní kí n kàn, sà. Ibi tó dé nìyẹn."

Ọ̀gá bínú lọ. Bàbá dúró de ọ̀rẹ́ wọn títí, wọ́n kú láì rí i.

Pálọ̀ mi ni àga náà wà báyìí. Ó dùn mí pé kò sóhun tó yí padà. Nígbà ìbò, wọ́n ní kí ọmọ tí agbẹ́gilére Íbò yẹn bí padà sílùú bàbá ẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ṣómólú ni wọ́n bí i sí. Tí iná bá dé, mo máa ń tan ìgèrè náà, òjìji àga á hàn nílẹ̀, àárín rẹ̀ á ṣófo.

Àwọn àlejò ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò wá ẹni fi awọ sí i. Mi ò retí Málàmù mọ́, mi ò sì tan ara mi. Mo kàn máa ń nu eruku inú àwọn ihò rẹ̀ ni.