Kámẹ́rà Orí Òrùlé

Filumena ló ń sọ ibi tí àwọn kámẹ́rà yóò kọjú sí. Nínú ọkọ̀ tẹlifíṣọ̀n wa, èmi ń bójú tó ohùn, òun ń wo àwòrán kámẹ́rà mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń pè wọ́n: "Kejì, múra. Kejì, ó yá." Ọdún mọ́kànlá la fi jọ jókòó bẹ́ẹ̀ nígbà ọdún Ìgbàsókè Màríà, tí gbogbo orílẹ̀-èdè Málítà máa ń jókòó sílé wo iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run lábúlé wa.

Ẹgbẹ́ méjì ló ń yìn ín. Búlúù ń yin tiwọn ní àìsùn ọdún, Pupa ní ọjọ́ ọdún gan-an, wọn kì í sì í fẹ́ rí ara wọn sójú. Zaren, ẹ̀gbọ́n ìyá Filumena, ló ń ṣe iná fún Pupa. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí iná yóò ti là, nítorí náà Zaren máa ń fún Filumena ní ìwé ètò rẹ̀ láti oṣù karùn-ún, ìwé tí kì í fi han àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀. Lọ́dún yẹn, àṣekágbá rẹ̀ jẹ́ tuntun: òdòdó iná funfun mẹ́ta lókè ilé agogo, tí pupa kan yóò yọ láàárín wọn.

Wistin nìkan ni Filumena fi ìwé náà hàn, torí kámẹ́rà tirẹ̀, ìkẹrin, ló wà lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Wistin yìí ni bàbá ìsàmì Dolor, ọmọ Filumena. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń jẹun nílé wọn.

Ní àìsùn ọdún, iná Búlúù dára. Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ìwé tí wọ́n fún wa, "ìyàlẹ́nu" nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Filumena ní kí gbogbo kámẹ́rà jìnnà sẹ́yìn, kí wọ́n máa retí. Gbogbo wọn ṣe bẹ́ẹ̀ àfi ti orí òrùlé. Ó rọra yíjú sókè ilé agogo, ó dúró síbẹ̀, ó ń wo òkùnkùn. Mo rò pé Wistin ṣìṣe ni. Ìgbà tó yá, òdòdó funfun mẹ́ta là níbẹ̀ gan-an, pupa sì yọ láàárín wọn.

Èmi ni mo bá Filumena pè é: "Kẹrin, ó yá."

Bá a ṣe parí, Zaren ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀.

"Filumena, ta lo fún?"

"Bàbá, mi ò fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n..."

"Èmi pẹ̀lú ẹ la mọ̀ ọ́n. Èmi ò sì sọ fún wọn."

Ó yí padà, ó lọ.

Filumena bá Wistin níbi tó ti ń ká wáyà.

"Ìyá Dolor, má wò mí báyẹn. Àna mi tó wà nínú ẹgbẹ́ Búlúù ló ń yọ mí lẹ́nu. Iná lásán ni, ó jó, ó ti kú."

"Lọ sọ fún Zaren pé ìwọ ni."

"Kí wọ́n lè lù mí bolẹ̀? Ẹbí ni yín, á dárí jì ẹ́. Ta ló máa dárí ji èmi?"

"Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá lo jẹun nílé mi, Wistin."

"Ehoro tó o sè yẹn mà dùn o," ó ní, ó sì ń ká wáyà rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Zaren yí àṣekágbá rẹ̀ padà, kò sì fún wa ní ìwé tuntun. Filumena ń fi ojú lásán darí kámẹ́rà, ó sì gbìyànjú, títí ojú ọ̀run fi ṣókùnkùn kí àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀. Ó kó gbogbo kámẹ́rà sórí ilé agogo. Ẹ̀yìn wa, lókè oko, la ti gbọ́ ìró ńlá. Àwọn èèyàn ń pariwo ayọ̀ níta, èéfín àti òrùlé ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́ ọ, wọn ò rí i. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀gá wa ti mú Filumena kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Wistin ló gbé sórí àga rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án, Filumena gbé àwòrán tí kámẹ́rà orí òrùlé yà ní àìsùn ọdún lọ bá Zaren, mo sì tẹ̀ lé e. Bàbá náà wo ibi tí kámẹ́rà ti yíjú sókè ilé agogo kí iná tó là. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wò ó.

"Wistin ni," ó ní.

"Òun ni, Bàbá."

"Ta ló fi ìwé mi hàn án?"

Filumena ní òun ni. Zaren dìde, ó bu kọfí fún wa, ó béèrè àlàáfíà ìyá mi lọ́wọ́ mi. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Filumena.