Oríkì Tí Mo Fún Ọmọ Ọlọ́mọ

Ìlara kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Kárọ́ọ̀tì ni mo ń gé lọ́wọ́ nínú ilé ìdáná màmá kan ní Manhattan nígbà tí tèmi wọlé wá bá mi.

Júù ni màmá náà. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ ò sì gbé wọn dáadáa mọ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe gbà mí pé kí n máa tọ́jú àwọn. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá, a máa wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ilé ìwé bá ti parí. Kì í ṣe eré ló ń bá wá o. Àṣà wọn ni pé tí ọmọbìnrin bá ti tó ọjọ́ orí yẹn, yóò dúró níwájú gbogbo ìjọ nínú sínágọ́gù, yóò ka Tórà, ìwé mímọ́ wọn, jáde ní èdè Hébérù, orin ni wọ́n sì fi ń kà á. Láti ọjọ́ náà lọ, wọ́n ti kà á mọ́ àgbà nínú ẹ̀sìn wọn. Ọ̀dọ̀ màmá ló ti ń fi kọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀. Á jókòó, á ṣu ẹnu jọ.

"Màmá àgbà, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti wà nídìí bọ́ọ̀lù báyìí."

"Bọ́ọ̀lù ò ní sá lọ. Kà á."

"Kò sẹ́ni tó ń sọ èdè yìí ní kíláàsì wa."

"Èmi ń gbọ́ ọ. Kà á."

Á bẹ̀rẹ̀. Tó bá ṣi ohùn gbé, màmá ò ní sọ nǹkan kan. Wọn á kàn fi ìka lu apá àga, kó! Ọmọ á padà sẹ́yìn, á tún un gbé. Nígbà míì á sunkún, á ju ìwé sílẹ̀, á ní òun ò wá mọ́ láéláé. Tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, agogo ẹnu ọ̀nà á dún. Òun náà ni.

Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Pé ó ń kọ̀, ó sì tún ń padà wá.

Èmi náà bí ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún méjìlá kan náà. Highbridge là ń gbé, lọ́hùn-ún ní Bronx, níbi tí èèyàn ti ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́ kó tó délé. Láàárọ̀, bí ìyá mi ti ń ṣe fún mi, oríkì ilé bàbá mi ni mo fi ń jí i:

Ọmọ akọ́lé má tilẹ̀kùn,
ọmọ àlejò jẹun tán kó tó ròyìn,
ọmọ òjò pa èrò, èrò yà sọ́dọ̀ wa gbẹ.

Ní ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n bá kì ọ́ báyìí, orí rẹ á wú, wàá kúnlẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ní kó o kúnlẹ̀. Ọmọ tèmi á fa bùláńkẹ́ẹ̀tì borí. "Mọ́mì, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀." Lọ́jọ́ tí mo kì í nínú ẹ̀lífétọ̀ níṣojú ọmọ aládùúgbò wa, ògiri ló kọjú sí títí a fi délẹ̀. "Ẹ má kọrin sí mi lára níta mọ́." Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́.

Ẹ wá wò ó. Ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ọmọ mi mọ ìran àwọn ọba Júù láti orí baba dé orí ọmọ, ó ti gbẹ̀bùn lórí rẹ̀ rí. Kò mọ orúkọ bàbá tó bí bàbá mi. Ṣọ́ọ̀ṣì wa tó wà ní Grand Concourse gan-an, sínágọ́gù ni tẹ́lẹ̀. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ṣì wà lókè fèrèsé ibẹ̀. Àwọn tó ni ín ti kó lọ tipẹ́. Wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún wa, wọ́n gbé èdè wọn dání.

"Ojú rẹ ń pọ́n," màmá sọ fún mi lọ́jọ́ kan.

"Àlùbọ́sà ni, Màmá."

"Kárọ́ọ̀tì lò ń gé."

Mo mú kárọ́ọ̀tì míì.

"Mo mọ ojú ẹni tó ń jowú. Ṣé wọ́n gba ahọ́n lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú nígbà tẹ́ ẹ dé ni? Kọ́ ọmọ rẹ."

"Kò fẹ́, Màmá."

"Ta ló bi í léèrè? Ṣé tèmi ló fẹ́?"

"Ó rọrùn fún yín láti sọ. Olùkọ́ wà fún tiyín, ìwé wà, ọjọ́ wà, gbogbo ìjọ ló ń dúró dè é. Èmi nìkan ni mo wà fún tèmi, èmi àti bùláńkẹ́ẹ̀tì."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Tó bá di ọjọ́ náà, mú tìẹ wá."

Mo mú un lọ. Ọjọ́ Sátidé ni. Mo ti àga onítáyà màmá dé iwájú, mo jókòó tì wọ́n, ọmọ mi jókòó tì mí. Ọmọdébìnrin náà jáde, ó mú ọ̀pá fàdákà tí orí rẹ̀ dà bí ìka ọwọ́, ó ń fi tọ́ka sí ọ̀rọ̀ lórí awọ tí wọ́n kọ Tórà sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó dùn débi pé àyà ń ta mí. Ó ṣi ohùn gbé níbì kan. Mo rí ìka màmá tó lu apá àga. Ọmọ náà ò lè gbọ́ ọ láti ibi tó wà, àmọ́ ó padà sẹ́yìn, ó tún un gbé.

Nígbà tó parí, wọ́n ń ju súìtì rírọ̀ lù ú. Bí wọ́n ti ń ṣe nìyẹn, kí ẹ̀kọ́ lè dùn lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ti pín in fún àwa náà. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bí mi sí, ọmọ tó bá ṣe dáadáa, ọ̀rọ̀ là ń jù lù ú. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo la ẹnu, ohùn ìyá mi ló jáde: ọmọ akọ́lé má tilẹ̀kùn! Mo kì í dópin. Gbogbo ìjọ yíjú wò mí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni pé òun ló ni ín.

Òun kọ́ ló ni ín. A kì í fi oríkì ilé ẹni ki ọmọ ilé ẹlòmíì. Àwọn àgbà ilé wa ì bá ti fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Mo jókòó. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ọmọ mi ò tíì ju súìtì tiẹ̀. Ó ti fún un mọ́wọ́ títí ó fi pẹlẹbẹ.

Inú tíréènì tó ń gbé wa padà sí Bronx ló ti yíjú sí mi.

"Tèmi ni yẹn," ló ní.

"Kí ni?"

"Èyí tí o fún un. Tàárọ̀ yẹn." Yorùbá ló ń sọ, ohùn rẹ̀ tẹ́jú bí pákó, ó sì ń pè mí ní "o" bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ míì, ǹ bá bá a wí.

"Ṣebí o ní o ò fẹ́ ẹ."

"Mi ò ní kó o fún ẹlòmíì! Ó ti ní tiẹ̀. Gbogbo èèyàn ló jókòó tí wọ́n ń gbọ́ tiẹ̀. O wá tún mú tèmi kún un."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo mọ ojú yẹn. Láti ọjọ́ kárọ́ọ̀tì ni mo ti ń rí i nínú dígí.

"Tó bá jẹ́ tìẹ lóòótọ́, gbà á padà. Kì í kí n gbọ́."

"Níbí?" Ó wo ọkùnrin kan tó ń sùn, ó wo ìyá kan tó gbé báàgì ọjà lé itan.

"Níbí."

Ó rọra bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ilé di nǹkan míì, ó sọ àlejò nù pátápátá. Mo fi ìka lù ú lórúnkún, kó! Ó gbójú sókè wò mí, ó fẹ́ bínú. Lẹ́yìn náà ó padà sẹ́yìn, ó tún un gbé. Ìyá tó gbé báàgì ọjà náà ti gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀, ó ń gbọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, agogo ẹnu ọ̀nà dún lọ́dọ̀ màmá. Ọmọ-ọmọ wọn wọlé, ó na fóònù sí mi. Ó ní òun fẹ́ kọ́ ohun tí mo kì fún òun, kí n jọ̀ọ́ sọ ọ́ síbẹ̀.

"Jẹ́ kí n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín," mo ní.

Mo pe ọmọ mi lórí fóònù, mo ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́ ọ. Mo ṣàlàyé.

"Rárá," ló fi Yorùbá sọ. "Mọ́mì, ẹ sọ fún un. Rárá."

Màmá fi ìka lu apá àga. "Ìyẹn ò gba ògbufọ̀," ni wọ́n wí.