Ìwé Orúkọ Tí Mo Fún Ọ̀gbẹ́ni Adétúlà

Ọdún tí àwọn ológun gbà kí òṣèlú padà, tí àwọn ẹgbẹ́ tuntun ń lẹ àwòrán mọ́ ògiri láti Àpápá dé Kirikiri, oníròyìn ni mí ní ilé ìwé ìròyìn Yorùbá kan. Èmi ni wọ́n ní kí n máa tẹ̀lé Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn Adétúlà káàkiri. Ẹ̀yin tí ẹ kéré lè má gbọ́ orúkọ yẹn rí. Nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso wa, ó wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun orí tábìlì níta gbangba láti sọ̀rọ̀ òmìnira, wọ́n sì tì í mọ́lé nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba fi í ṣe aṣojú wa lókè òkun. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní òun fẹ́ di ààrẹ. Ibi tó sì yàn láti kọ́kọ́ bá àwọn ará Èkó sọ̀rọ̀ ni pápá kan ní Ajégúnlẹ̀.

Mo mọ ìdí tó fi yan Ajégúnlẹ̀. Mo mọ̀ ju bó ṣe yẹ kí oníròyìn mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò kọ ohun tí mo mọ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tímì ló jìyà ìdákẹ́jẹ́ mi, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira, mi ò tíì di oníròyìn. Akọ̀wé tálì ni mí ní wáàfù Àpápá. Mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ òkun, máa ń ka àpò àti àpótí bí wọ́n ṣe ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀, mo sì máa ń kọ wọ́n sílẹ̀. Èmi náà ni akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa. "Akọ̀wé" ni gbogbo wáàfù ń pè mí.

Ẹ ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń gbani síṣẹ́ nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrù gbọ́dọ̀ ní kààdì tí orúkọ àti nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Kààdì ò sì kárí. Bí ẹni tó ni ín bá ṣàìsàn, tó bá padà sílùú rẹ̀, tàbí tó bá kú, àbúrò rẹ̀ tàbí ará ilé rẹ̀ ló máa gba kààdì náà, á sì máa fi orúkọ orí rẹ̀ ṣiṣẹ́. Láàárọ̀, nígbà tí hẹ́dímaànù bá ń pe orúkọ ní géètì, ẹ máa gbọ́ tí ọmọ Ìjẹ̀bú ń jẹ́ Òkón, tí ọmọ Ìjọ̀ ń jẹ́ Ràfíù. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan wà tó ti jẹ́ orúkọ kààdì rẹ̀ pẹ́ débi pé orúkọ yẹn ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ bí orúkọ baba ní ilé-ìwé. Jímọ̀ Àlàbí, hẹ́dímaànù wa, kààdì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú ló ń lò. Sùlé ló wà lórí rẹ̀. Ó máa ń sọ pé, "Òkú ló ń bọ́ mi, mi ò sì gbọ́ kó ráhùn rí."

Kò bófin mu. Ṣùgbọ́n òun ló dáàbò bò wá nígbà tí a daṣẹ́ sílẹ̀.

Okùn wíǹṣì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè, ló já, tí ẹrù sì bọ́ lu ọ̀kan lára wa. Kò sí ibi ìtọ́jú kankan ní wáàfù. Orí àpò sìmẹ́ǹtì ni a tẹ́ ẹ sí, ibẹ̀ ló sì kú sí kí ọkọ̀ tó dé. A ní àwa ò ní wọ inú ọkọ̀ òkun mọ́ àfi bí wọ́n bá fún wa ní yàrá ìtọ́jú àti ìsinmi ọ̀sán. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbà wá fẹ́ mú àwọn olórí ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà, ṣùgbọ́n orúkọ kààdì nìkan ni wọ́n mọ̀. Àwọn ọlọ́pàá wọ Ajégúnlẹ̀, wọ́n ń béèrè Sùlé. Ìyá arúgbó kan mú wọn dé ibojì rẹ̀.

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí a ti wà nílé nígbà tí Adétúlà dé. Nígbà yẹn kò tíì di aṣojú níbì kankan. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú wa, ó mu omi nínú ife wa, ó ní òun máa lọ bá ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Ó wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí n fún òun ní orúkọ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń darí ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà, kí òun lè jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí i pé àwọn ò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Mo pe Tímì láti ràn mí lọ́wọ́. Ọmọ Ìjọ̀ ni, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ni, ẹgbẹ́ mi sì ni. Òun ló máa ń lọ láti ilé dé ilé láti sọ ọjọ́ ìpàdé fún wa, nítorí náà ó mọ ojúlé gbogbo ènìyàn. A jókòó síwájú ilé mi ní ọ̀sán gangan, àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń kí wa. Ó wo bébà tí mo ti fi rúlà là.

"Orúkọ kààdì àbí orúkọ ilé?"

"Méjèèjì," ni mo wí. "Àti òpópónà."

"Kí ló fẹ́ fi òpópónà ṣe?"

Mo ní ọkùnrin náà kì í ṣe ọlọ́pàá, pé ó ti ṣẹ̀wọ̀n nítorí wa.

"Orúkọ kààdì tó," ni Tímì wí. "Bí o bá máa kọ ti ilé, má kọ tèmi sí i." Ó dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò ní ṣòkòtò rẹ̀, ó sì lọ.

Mo kọ ọ́ tán fúnra mi, láìsí orúkọ tirẹ̀. Kí nìdí? Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà. Adétúlà ò sọ pé òun fẹ́ òpópónà. Mo fẹ́ kó rí i pé èmi kì í ṣe akọ̀wé wáàfù lásán, pé mo mọ iṣẹ́ mi. Òtítọ́ rẹ̀ nìyẹn, ìtìjú ló sì jẹ́ fún mi títí dòní.

Ilé-iṣẹ́ gbà. Wọ́n fún wa ní yàrá ìtọ́jú, wọ́n fún wa ní ìsinmi ọ̀sán. A gbé Adétúlà sí èjìká. Kò pẹ́ sí i tí a rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó wọ agbádá, ó ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ òfuurufú.

Lẹ́yìn tó ti lọ, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kì í ṣe Jímọ̀ ló pe orúkọ ní géètì. Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ló jáde pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Ó ka, "Jímọ̀ Àlàbí."

Láti ọjọ́ tí Jímọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù, kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀ gan-an ní géètì yẹn rí. Ẹnu rẹ̀ ti dáhùn kó tó ronú.

"Sà!"

Mọ́kànlá ni àwọn tó pè bẹ́ẹ̀, èmi ni ìkejìlá. Wọ́n gba kààdì wọn, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èmi náà. Wọ́n gbé Jímọ̀ lọ sílé ẹjọ́ pé ó ń fi orúkọ òkú ṣiṣẹ́, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ní Kirikiri. Tímì nìkan ló kù nínú ìgbìmọ̀ tí wọn ò fọwọ́ kàn.

A ṣèpàdé. Ẹnìkan bi mí pé, "Akọ̀wé, ta ló mọ ilé gbogbo wa?"

Mo ní, "Tímì mọ̀ ọ́n."

Kì í ṣe irọ́. Mo kàn dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Tímì wò mí, ó ń retí kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mi ò parí rẹ̀, ó sọ fún wọn fúnra rẹ̀ pé èmi ni mo kọ ìwé náà. Wọ́n bú u. Wọ́n ní ṣé Akọ̀wé tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò ta ara rẹ̀, nígbà tí gbogbo àdúgbò rí Tímì tó jókòó tì mí pẹ̀lú bébà? Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó gbà láti wọ inú ọkọ̀ òkun pẹ̀lú rẹ̀. Ó fi wáàfù sílẹ̀, ó lọ ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe létí ọ̀sà ní Kirikiri, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ló ṣì ń gbé. Èmi rí iṣẹ́ ní ilé ìwé ìròyìn. Nígbà tí Jímọ̀ jáde lẹ́wọ̀n, èmi ni mo lọ pàdé rẹ̀.

Nísinsìnyí ẹ lè mọ ohun tó wà nínú mi nígbà tí mo jókòó síwájú Adétúlà ní ilé tó dé sí ní Àpápá, ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé Ajégúnlẹ̀. Ó ti hu ewú. Mo bi í pé kí ló fi ìwé orúkọ náà ṣe. Ó kọ́kọ́ gbàgbé. Nígbà tó rántí, kò yí ojú padà.

"Mo fún wọn. Wọ́n ní àwọn ò lè fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ò ní fọwọ́ kan ẹni tí àwọn ò mọ̀."

"Wọ́n lé gbogbo wọn, sà. Ẹnìkan ṣẹ̀wọ̀n."

"Mo ti lọ nígbà náà." Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "O fẹ́ kọ ọ́? Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ tán. Orúkọ ni mo béèrè lọ́wọ́ rẹ. Mi ò béèrè ilé ẹnikẹ́ni."

Mo pa ìwé mi dé. Mo sọ fún ara mi pé ènìyàn rere ni, pé orílẹ̀-èdè nílò irú rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ò yẹ kó bà á jẹ́. Apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Apá tó kù ni pé ara mi ni mo ń bò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn èèyàn rẹ̀ gbé Jímọ̀ gun orí pèpéle. Ó ti ń ṣọ́ àwọn ọkọ̀ tírélà ní ibùdókọ̀ Coconut nígbà náà. Ó bọ́ fìlà, ó ní ọkùnrin yìí ló gba yàrá ìtọ́jú fún wa, ó sì gba ìsinmi ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Òun ò tà wá. Ẹni tó tà wá, a jọ ń jẹun ni. Ó wà ní Ajégúnlẹ̀ yìí, ó mọ ara rẹ̀."

Mo fẹ́ràn kí ẹlẹ́rìí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ Jímọ̀ bó ṣe sọ ọ́, olóòtú sì fi í sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ohun tó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn láàárín àwọn ará wáàfù, mo sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn.

Tímì wá bá mi ní ọ́fíìsì ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ká ìwé ìròyìn náà sábẹ́ apá. Kò jókòó.

"O kọ ọ́ dáadáa," ló wí. "Ọ̀rọ̀ Jímọ̀ wà níbẹ̀. Tèmi dà?"

Ó sọ fún mi pé ọmọ òun Ẹ̀bí, wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Bàbá ọkọ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá. Ó ti gbà láti fojú fo ọ̀rọ̀ àtijọ́ nítorí ọmọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn jáde, tí gbogbo àdúgbò tún ń sọ ọ́, ó ránṣẹ́ pé òun ò ṣe mọ́.

"Kọ ọ́ pé èmi kọ́," ni Tímì wí. "Mi ò ní kí o ṣe nǹkan míì."

Mo ní màá kọ ọ́. Mo gbé e lọ bá olóòtú. Kí a tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ìròyìn dé pé ẹgbẹ́ Adétúlà ti fa ẹlòmíràn kalẹ̀, pé orúkọ rẹ̀ ò ní sí lórí bébà ìdìbò rárá. Olóòtú ní ta ló tún fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀? Ó yẹ kí n sọ pé ọ̀rọ̀ Tímì ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Adétúlà. Mi ò sọ ọ́. Inú mi tilẹ̀ dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí, pé ẹlòmíràn ló ní kí n má kọ ọ́.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo lọ bá Jímọ̀ ní Coconut. Ó ń so tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù mọ́ ọkọ̀ kan, mo sì sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó so okùn náà tán kó tó dáhùn.

"Ọjọ́ tí mo jáde lẹ́wọ̀n, ìwọ ni mo dì mọ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Tímì wá kí mi. Mo tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀."

Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó sì gba Kirikiri lọ lójú ẹsẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Tímì ń fi ọ̀dà kun ìdí ọkọ̀ kan. Jímọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un lórí iyanrìn, àgbà fún àbúrò. Tímì gbé e dìde, ó fún un ní àpótí jókòó. Kò sẹ́ni nínú àwọn méjèèjì tó ní kí n jókòó. Jímọ̀ lọ sí ilé àwọn àna ní ọjọ́ kejì láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà ti ń fẹ́ ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá bi mí ní èrè ìdaṣẹ́sílẹ̀ yẹn, màá sọ fún yín pé ó lérè. Àwọn tó fara pa lẹ́yìn wa rí ibi tí wọ́n ti tọ́jú wọn, àwọn kan ṣì wà láàyè nítorí rẹ̀. Àwọn tó gbà á fún wa ni kò padà wọ wáàfù mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ẹgbẹ́ lónìí, bí ẹni ńlá kan bá ní òun fẹ́ dáàbò bò yín, ẹ fún un ní ohun tó béèrè, ẹ má sì fi ẹyọ kan lé e. Bí ẹnìkan nínú yín bá sì ní kí ẹ má kọ orúkọ òun, ẹ bi í ní ohun tó rí.

Jímọ̀ ti kú, Tímì náà ti kú. Kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun tí mo kọ yìí, mo gbé e lọ fún Ẹ̀bí, tó ti di ìyá àgbà. Ó kà á lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní àlàyé mi ti pọ̀ jù, ẹni tó bá yára kà á lè rò pé bàbá òun náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ láìfi nǹkan kan yí i po.

Kì í ṣe Tímì. Èmi ni.