Irin Ìtúlẹ̀ Tí Kò Gbéra

Ọdún mọ́kànlá ni Iyìọlá ti ń fi katakata kékeré túlẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ Ìwàrò-Ọ̀kà, Naomi ìyàwó rẹ̀ ló sì máa ń bá a lọ sóko. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọdún kejì lẹ́yìn ikú Naomi, irin ìtúlẹ̀ tó wà lẹ́yìn katakata náà kò gbéra nílẹ̀ dáadáa mọ́. Iyìọlá wo ọ́ìlì. Ó pé, àmọ́ ó ń hó bí ọṣẹ, ó sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀ níbì kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó tẹjú mọ́ rọ́bà tó ń fa ọ́ìlì, ó ní, "Gbé e sókè díẹ̀."

Kò sẹ́ni lórí àga katakata, níbi tí Naomi máa ń jókòó sí bá a fa ọ̀pá tó ń gbé irin sókè.

Ojú tì í, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ gbọ́. Ó gòkè fúnra rẹ̀, ó fa ọ̀pá, ó tún sáré sọ̀kalẹ̀ wá wò ó. Ìgbà karùn-ún ló tó rí i pé irin tó di rọ́bà náà mú ti dẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó fi sípánà fún un le. Nígbà tó tún tan ẹ̀rọ, irin ìtúlẹ̀ gbéra wẹ́rẹ́.

Kò rí ẹni tó máa sọ fún pé ó ti gbéra, ló bá ń túlẹ̀ lọ.