Ọbẹ̀ Tí Dáhùnsí Kọ́ Sè

Títí Dáhùnsí fi di ẹni àádọ́rin ọdún, kò mọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀. Tẹ́júọlá, ìyàwó rẹ̀, kò fìgbà kan jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kan orógùn. Ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìlá ni obìnrin náà ti ń já ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń ká ata. Iyọ̀, epo àti irú nìkan ló ń gbé e dé ọjà.

Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe dá Tẹ́júọlá dùbúlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kò gbé mọ́, ọ̀rọ̀ sì wúwo lẹ́nu rẹ̀. Fúnminíyì, ọmọ wọn tó wà l'Ékòó, fi páálí indomí ránṣẹ́, kí bàbá rẹ̀ má baà ṣe wàhálà. Omi gbígbóná lásán ló gbà. Dáhùnsí ń sè é láàárọ̀, ó ń sè é lálẹ́. Tẹ́júọlá á tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, á sì kọjú sí ògiri. Ó ń rù lójoojúmọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ bá a nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń fi ọwọ́ òsì já ẹ̀fọ́ sórí ìró rẹ̀. Ó ti wọ́ débẹ̀.

"Ìyá Fúnmi, kí lo ń wá níbí?"

"Ọbẹ̀. Ẹ gbé mi jókòó. Màá máa sọ ọ́, ẹ ó máa sè é."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó á wà lórí àpótí, ọkọ á wà nídìí ààrò, èéfín á máa ta á lójú. Ọbẹ̀ àkọ́kọ́ jóná nídìí. Tẹ́júọlá jẹ ẹ́ tán, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ara obìnrin náà tilẹ̀ ti ń le díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbàdo ọdún yẹn kò tíì gbó tí àrùn náà fi padà wá, kò sì dá a sí lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Fúnminíyì ní kí bàbá òun bá òun lọ.

"Bàbá, ẹ ò lè máa dá gbé ibí. Kí lẹ ó máa jẹ?"

"Ẹ̀fọ́ wà lẹ́yìnkùlé."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó gbilẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí ọmọ lọ tán, Dáhùnsí já a, ó rẹ́ ẹ, ó sè é. Ọbẹ̀ náà dùn. Ó dùn ju gbogbo èyí tó ti sè lójú ìyàwó rẹ̀ lọ, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún wọ egungun. Ó jẹ òkèlè méjì, ó fi sílẹ̀. Ó bo ìkòkò, ó gbé e lọ fún Ṣàkírátù aládùúgbò wọn, pé kó bu ú fún àwọn ọmọ. Obìnrin náà ṣì ń kí i kú inúure, bàbá ti yí padà sí ilé.