Ẹ̀rọ Géèmù tí Ọkọ Mi Fi Irin Ṣe

Wẹ́dà ni ọkọ mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jó irin pọ̀: géètì, wíńdò, bẹ́ẹ̀dì, títí dé àga àwọn ọmọ iléèwé. Bàbá Onírin ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Gíláàsì dúdú tó yẹ kó máa fi bojú, orí ìṣó ló máa ń gbé e kọ́ sí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní iná ti mọ òun, àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ náà ló wá fọ́ ọ lójú yìí.

Dókítà ojú ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní ohun tó ti kú nínú ojú náà ti kú, kò sí oògùn, kò sí iṣẹ́ abẹ. Kó tó pé ọdún kan, gbogbo ẹ̀ á ṣókùnkùn. Èmi ni mo bú sẹ́kún. Òun kàn dìde, ó ń wá fìlà ẹ̀ kiri, fìlà sì wà lórí ẹ̀.

Nígbà tá a délé, ó ní, "Ìyá ilé, ṣé o rántí ẹja wa?"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbàgbé? Nígbà tá a wà lọ́dọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n to ẹ̀rọ géèmù sí, àwọn ẹ̀rọ gíga bíi kọ́bọ́ọ̀dù, téèyàn máa ń dúró níwájú wọn ta á. Èmi ni mo máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tí mò ń ta ẹyọ ike tí wọ́n ń jù sínú ẹ̀. Ọkọ mi ò ní géèmù méjì: ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn kan tó ń sá fún àwọn ẹja ńlá. Ibẹ̀ ló ti rí mi fẹ́, tó ń díbọ́n pé torí ẹja lòun ṣe ń wá.

"Mo fẹ́ ṣe ọ̀kan sílé," ó ní. "Kí ojú yìí tó lọ, mo fẹ́ rí ẹja yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Kò ṣe irú ẹ̀ rí láyé ẹ̀. Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní òpópónà wa ló bá a wá bọ́ọ̀dù kan, ọpọlọ ẹ̀rọ náà, tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ní inú káàdì tínńtín kan tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ ni géèmù náà wà. Wọ́n tún rí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan tí ohùn ẹ̀ ti kú, spíkà kan tó máa gbé ohùn géèmù jáde, bọ́tìnì mẹ́fà, àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí ẹja, èyí tí ọkọ mi ń pè ní jíà. Ó wá jó kọ́bọ́ọ̀dù irin. Ó dára, mi ò ní parọ́. Àmọ́ wẹ́dà ni wẹ́dà. Nínú iṣẹ́ tiwọn, bí wọ́n bá ti fi wáyà ẹ̀ẹ̀tì, èyí tí iná ń gbà padà, gbá ara irin mú, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sóhun tí ò lè kan irin. Ló bá gbé bọ́ọ̀dù lé irin lásán, kò tẹ́ nǹkan kan tí ò ní jẹ́ kí iná gba ara irin kọjá sábẹ́ ẹ̀, ó fi síkúrù dè é mọ́lẹ̀ pinpin. Ó tan iná. Ó ṣe "tá", òórùn ike tó jóná sì gba gbogbo pálọ̀.

Oníṣẹ́ fóònù wá wò ó, ó wò mí, ó tún wo ọkọ mi.

"Bàbá, ta ló ń fi irin ṣe é? Pákó ni wọ́n ń lò."

"Ṣé mo jọ kápẹ́ńtà lójú ẹ ni?"

"Ẹ jọ ẹni tó jó bọ́ọ̀dù."

"Iṣẹ́ mi náà kọ́ nìyẹn?"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín wa mọ.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni bọ́ọ̀dù kejì gbà kó tó dé. Lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ mi ò rí nọ́ńbà orí tépù tó fi ń wọn irin mọ́. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ẹ̀gbẹ́ ife ló ń da omi sí. Lọ́sẹ̀ kẹsàn-án, mo wọ pálọ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wá rí i pé kì í ṣe àwàdà.

Síbẹ̀ kò gbà kí wọ́n fi pákó ṣe é. Ó gé rọ́bà inú táyà, ó fi tẹ́ gbogbo inú irin náà, ọwọ́ ló fi ń wọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì ni bọ́ọ̀dù dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ó sì ti ń fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ látọjọ́ tó ti fẹ́ mi.

"Ọ̀mọ̀wé, wáyà wo nìyí?"

"Pupa."

"Èyí ńkọ́?"

"Dúdú."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Wọ́n kọ́ wa ní dúdú ní pírámárì."

Á fọwọ́ wá ihò, á ki wáyà bọ̀ ọ́. A tan án, kò tàn. A tú u, a tún un ṣe, kò tàn. Èmi ni mo rí i pé káàdì géèmù ò wọlé tán. Mo fi èékánná tì í. Spíkà ṣì wà nínú láílọ́ọ̀nù ẹ̀ nígbà yẹn. Ó ní ìyẹn ló máa kẹ́yìn.

"Tan iná sí i," ó ní.

Mo tan án. Omi búlúù kún ojú tẹlifíṣọ̀n náà, ẹja aláwọ̀ ọsàn sì jáde, ó ń ju ìrù, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń dúró de ẹni tó fẹ́ ta á. Ọkọ mi na ọrùn sí i. Ó ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú.

"Kò tàn, àbí?"

Ẹja ń ju ìrù.

"Ọ̀mọ̀wé, mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀."

Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo yọ púlọ́ọ̀gì.

"Kò tíì tàn," ni mo sọ.

Ó mí kanlẹ̀. "Ká tún un tú nígbà yẹn. Ka wáyà fún mi."

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí bọ́ọ̀dù dé la wà yìí. Ojoojúmọ́ la ń tú u, ojoojúmọ́ ni mò ń ka pupa, tí mò ń ka dúdú. Ó ní bóyá ká fi spíkà sí i ná, ká gbọ́ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Mo sọ fún un pé mi ò mọ ibi tó wà. Abẹ́ aṣọ mi ni mo fi pamọ́ sí, nísàlẹ̀ àpótí.