Ta Ló Gbẹ́ Mólò Ìyá Àgbà?

"Má fi ọwọ́ gàrí kàn án o!" ni ìyá àgbà kígbe. Mo ti gun àpótí, mo ti nawọ́ sí ibi tí mólò ìyá àgbà máa ń wà lára ògiri, kí n gbé e han àwọn àlejò wa. Mo sáré nu ọwọ́ mi mọ́ aṣọ kí n tó gbé e. Ó fúyẹ́: igbá tí wọ́n fi awọ bò lójú, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ ọrùn, okùn mẹ́ta. Okùn kan kọ́ bọ́tìnì mi, ó dún gbìn-ín, àyà mi sì já.

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Ẹ̀yìnkùlé wa n'Íkẹ́nnẹ́ ni gbogbo wa wà, òórùn kíkan ẹ̀gẹ́ gba ibẹ̀ kan. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ní òun ò ní torí àlejò sọ agbada kalẹ̀. Ó ń fi àkúfọ́ igbá ro gàrí, ṣàà, ṣàà, kò wojú ẹnikẹ́ni.

Bàbá kan ló wá láti Òde Rẹ́mọ, òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń kó ohun àtijọ́ jọ sí gbọ̀ngàn ìlú wọn kí èèyàn lè máa wá wò ó. Bàbá náà ní bàbá òun ló gbẹ́ mólò yìí, tó sì ń ta á, pé ó kàn fi yá bàbá ìyá àgbà ni, ikú ò sì jẹ́ kó gbà á padà.

"Orúkọ bàbá mi ni wọ́n máa kọ sábẹ́ ẹ̀," ló wí.

"Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ, nílé wa n'Íjòkú," ni ìyá àgbà dáhùn. "Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo jókòó sí tí mò ń ṣa èérún igi."

"Ta ló rí yín, ìyá?"

"Ìwọ ńkọ́, ta ló rí ọ? Ìyá tó bí ọ ò tíì wọlé ọkọ nígbà yẹn!"

Àwọn ará ilé bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Òjò ti wó ilé bàbá rẹ̀. Mólò yẹn nìkan ló kù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ láyé.

"Ẹ gbé e wá," ni àlejò wí. "Ẹ jẹ́ n fi bí bàbá mi ṣe ń dì í mú hàn yín."

Mo gbé e fún un. Ẹni tó gbẹ́ ọrùn rẹ̀ ti gbẹ́ kòtò kékeré síbẹ̀ fún àtàǹpàkò. Bàbá fi ọwọ́ òsì di ọrùn náà mú, àtàǹpàkò rẹ̀ kò bọ́ sínú kòtò. Ó sún un sókè, ó sún un sísàlẹ̀, pàbó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà á, ó fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú, àtàǹpàkò rẹ̀ sì wọlé wẹ́rẹ́.

"Ẹ wò ó, bàbá, ọwọ́ òsì lonítọ̀hún fi ń ta okùn. Ọlọ́wọ́ òsì ló gbẹ́ ẹ fún ara ẹ̀."

Bàbá fò dìde. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Bàbá mi kẹ̀? Kò sí ọlọ́wọ́ òsì nílé wa rí! Ẹ lọ béèrè!"

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bo ẹnu. Bàbá nìkan ni kò tíì mọ ohun tó ti ẹnu òun jáde.

Ìyá àgbà ju àkúfọ́ igbá nù. "Ẹ gbọ́ o! Ó ti fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́! Bàbá tèmi, ọlọ́wọ́ òsì paraku ni!" Ó ń jó yí iná ká, gàrí ń jóná, èmi náà ń fò lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá mi gbá orí mú. "Màmá! Ẹ ò sọ fún wa rí!"

"Ṣé ohun tí wọ́n ń jẹ́ ká sọ nìyẹn? Okùn ni ìyá ẹ̀ fi ń so ọwọ́ náà nígbà tó wà lọ́mọdé. Kí bàbá mi tó kú, ó ní a ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún àna. Ọwọ́ tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀ ló gbẹ́ èyí!"

Bàbá lọ lọ́wọ́ òfo. Rárá o, ìyá àgbà bu gàrí tó jóná fún un.

Mo ti dàgbà báyìí, ojo èèyàn sì ni mo dà. Láti ọjọ́ tí mo jáde láàyè nínú ọkọ̀ tó gbókìtì lọ́nà Ṣàgámù, tí àwọn tá a jọ wọ̀ ọ́ kò jáde, n kì í sọ pé mo wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á bi mí léèrè ìdí tó fi jẹ́ èmi. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí ojú ìyá àgbà, bó ṣe tàn nígbà tí ohun tó ti fi pamọ́ látọjọ́ yìí bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ìyá ọ̀kan nínú àwọn tó kú wá sílé mi bó ṣe ń béèrè kiri, ó ní ṣé mo mọ ẹnikẹ́ni tó rí ọmọ òun kẹ́yìn. Mo fà á jókòó, mo ní, "Èmi ni, Màmá. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo jókòó sí."